Má Ṣe Sá fún Ẹjọ́ Àádùn Yẹn, Ṣàkírátù

Ilé wa, Ifangni

Ṣàkírátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Mi ò dákú. Jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ kí o tó ka èyí tó kù. Wọ́n ní ìyàwó àbúrò mi tó wà ní Àjàṣẹ́ pè ọ́, ó sì sọ fún ọ pé nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n gba ọjà lọ́wọ́ rẹ ní Amẹ́ríkà, mo ṣubú lulẹ̀ láàárín ọjà, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù. Irọ́ ni. Mo ṣubú lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn ewúrẹ́ ló gbé mi ṣubú. Fóònù wà létí mi, mò ń gbọ́ ohùn rẹ, mi ò wo ilẹ̀, okùn náà sì kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ewúrẹ́ lulẹ̀, èmi náà lulẹ̀. Obìnrin tó ni ewúrẹ́ sáré dé, ó ní, "Baba Ṣàkírátù, ẹ ò ṣá dá ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mi?" Kò tilẹ̀ béèrè ẹsẹ̀ tèmi. Ìsọ̀ ìyá rẹ ni ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ, ẹ̀kọ tútù sì ni oògùn tí mo mu. Ara mi le. Lónìí yìí gan-an mo ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, mo sì ti bọ̀.

Mo sọ èyí nítorí mo gbọ́ pé àìsàn mi tí kò sí yìí wà lára ohun tó ń mú ọ rò pé kí o ká gbogbo nǹkan nílẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé kí ọjọ́ ẹjọ́ rẹ tó pé. Má wá. Wá nígbà Iléyá. Wá nígbà tí o bá fẹ́ fi ọkọ hàn wá. Ṣùgbọ́n má wá bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi nínú ohùn tí o fi ń ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Bí mo bá ṣì í, kí o tún un ṣe fún mi. Nínú ilé ìdáná rẹ ni o ti ń ṣe àádùn, bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ: àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná, epo pupa, iyọ̀ díẹ̀, ata díẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí o ń gbé gbà ọ́ láyè kí o máa ṣe é nílé, kí o sì máa tà á, bí o bá ti lẹ orúkọ rẹ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá. O ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Mùsíbáù, ọmọ Sákété tí ẹ jọ ń ta á, ní ọjà yá jù lódìkejì odò. Ẹ gbé e gba orí afárá kọjá, ẹ tẹ́ tábìlì. Obìnrin kan tó ń bẹ oúnjẹ wò fún ìpínlẹ̀ yẹn dé, ó yẹ ọ̀rá wò, ó ní àyè tí ìpínlẹ̀ tìrẹ fún ọ parí sórí afárá. Ó kó àádùn lọ, ó sì fún ọ ní ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ tẹnu rẹ. Mùsíbáù ní kí o má lọ. Ó ní kí ẹ yí orúkọ òwò náà padà, kí ẹ kó o lọ sí ìpínlẹ̀ kẹta, pé Amẹ́ríkà tóbi.

Èmi ní kí o lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé yìí.

O mọ̀ pé lékóòlù, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ko-Koumolou, ni ìwé mi mọ. Mi ò sì tíì darúgbó. Ọmọdé ni mí nígbà tí a bí ọ, àwọn àgbà ṣì ń pè mí ní "ọmọkùnrin yìí" bí a bá wà ní ìpàdé. Má retí ọgbọ́n ewú lọ́dọ̀ mi. Orí kunkun ni mo ní, àti ohun tí orí kunkun náà ti kó bá mi. Ìyá rẹ ní kí n má sọ ìtàn yìí fún ọ, pé yóò bu iyì mi kù. Mo ní iyì tó lè ti inú ìtàn kan ṣoṣo jò tán, kí ó yáa jò.

Ní ọdún tí ìyá rẹ lóyún rẹ, mo ra ìdì ẹyìn lọ́wọ́ Baba Wàídì ní Banigbé. Ẹyìn tó pupa, tó sanra. Zẹ́mì ni mo fi kó o. Ṣéènì ọ̀kadà náà já lójú ọ̀nà Daagbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo já ẹrù sílẹ̀ lábẹ́ igi kan lórí ilẹ̀ ọjà náà, mo sì fi ààlè lé e: ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa, mo so wọ́n mọ́ra, mo gbé wọn ka orí ẹyìn. O mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí ènìyàn bá fi ààlè lé igi ìdáná létí ọ̀nà, igi náà yóò wà níbẹ̀ títí ikán yóò fi jẹ ẹ́. Ọkàn mi balẹ̀, mo wálé. Òjò dè mí mọ́lé. Ọjọ́ ọjà kejì ni mo padà lọ.

Kò sí ẹyìn. Ààlè mi nìkan ló wà, ó ń fì lórí ẹ̀ka igi.

Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ẹ ò rí ààlè mi ni?"

Ìyálọ́jà wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Kò dìde. Ó ní, "A rí i, ọmọ mi. A tilẹ̀ kí i. Òun nìyẹn lókè yẹn, ẹnikẹ́ni ò ṣe é ní nǹkan kan."

"Ẹyìn mi dà?"

"Ẹyìn ti di epo."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bùrọ̀dá, ṣé kí n bá ọ já ìkarahun rẹ wálẹ̀, àbí o fẹ́ fi í ṣọ́ igi?"

Inú bí mi dé ibi tí mi ò ríran. Mo ní, "Ààlè ti wà kí ọjà yín tó wà!"

Ìyálọ́jà ní, "Òótọ́ ni. Ilẹ̀ sì ti wà kí ààlè tó wà. Ta ni kí a lọ bi nínú àwọn méjèèjì?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀. Ó ní ní ọjọ́ kan rí, ẹnìkan gbé agbọ̀n ẹja sílẹ̀ nínú ọjà wọn, ó fi ààlè lé e, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò láyà láti fọwọ́ kàn án. Ẹja jẹrà. Eṣinṣin kúrò lórí ẹja, ó bà lórí ẹ̀kọ, ó bà lórí ọmọ ọwọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹrù tó bá sun ilẹ̀ ọjà wọn, ti ọjà ni, ààlè wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí. Wọn kì í bú ààlè. Wọ́n á gbé e kọ́ sórí igi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì gbé ẹrù.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, Àṣàkẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí n tó ṣe àṣìṣe náà: bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ìwé tí ìpínlẹ̀ rẹ fi gbà ọ́ láyè, ààlè ni. Ó lágbára gidi lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Lódìkejì odò, wọ́n rí i, wọ́n kí i, wọ́n sì kó àádùn. Obìnrin yẹn kò kórìíra rẹ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé nítorí àwọ̀ rẹ tàbí ahọ́n rẹ ni, àyàfi tí o bá fi ojú ara rẹ rí i. Nínú èyí, ilẹ̀ lo ṣì.

Ọmọ mi, kọ́kọ́ mọ iye ilẹ̀ tí o dúró lé. Ohun tí obìnrin amòfin tó ń jókòó ní ilé ìkàwé ìlú yín lọ́fẹ̀ẹ́ ṣàlàyé fún ọ, tí ìwọ náà ṣàlàyé fún mi, mo tò ó lọ́nà tó fi yé èmi. Òfin ibẹ̀ kì í ti ibì kan ṣoṣo wá. Bí odò ni. Orísun rẹ̀ pọ̀.

Èyí tó ga jù ni Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ààrẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, obìnrin tó kó àádùn wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ta ko ti gbogbogbòò. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí oníṣòwò bíi tìrẹ mọ̀ nínú rẹ̀. Ọjà tó bá ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ìjọba àpapọ̀ lè dá sí i. Nítorí náà, orí afárá yẹn, ojú òfin mẹ́ta ló ń wò ọ́ níbẹ̀: ti ibi tí o ti ń bọ̀, ti ibi tí ò ń lọ, àti ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwa ará ẹnubodè ló yẹ kí ìyẹn tètè yé. Ọmọ Ifangni ni ọ́. O ti rí i láti kékeré pé àgbàdo kan náà, ní apá ibí, oúnjẹ ni, lọ́hùn-ún, àwọn dúáànì, aṣọ́bodè, ní ọjà ni.

Ohun kejì tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba ohun ìní ènìyàn kí ó má fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Mo ní kí o tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí o sọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn náà mọ̀ ọ́n! Wọ́n kàn fi í sínú òfin tó ga jù ni. Wò ó báyìí: ọjọ́ tí wọ́n fún ọ yẹn, Mùsíbáù ń pè é ní pańpẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Àwọn ènìyàn kan jà kí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó wà. Ìwọ ni o ní i, o sì fẹ́ sọ ọ́ nù.

Lábẹ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ni òfin tí àwọn aṣòfin ń ṣe wà. Ilé aṣòfin àpapọ̀ ń ṣe tirẹ̀, ti ìpínlẹ̀ ń ṣe tirẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú náà ń ṣe tirẹ̀ bí mérì wa níbí. Ti ìlú ló máa ń sọ ibi tí o lè tẹ́ tábìlì sí àti ìgbà tí o gbọ́dọ̀ ká a. Má fojú kéré rẹ̀. Èèrà ìlú kékeré máa ń ta ni ju ejò olú-ìlú lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wà lẹ́yìn ìyẹn, tí aṣòfin ti fún láṣẹ kí wọ́n ṣe ìlànà. Aṣòfin á ní oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bí omi ìfọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, tàbí irú lẹ́tà tí a gbọ́dọ̀ fi kọ orúkọ ẹ̀pà sára ọ̀rá kí ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà lè tètè rí i? Àwọn iléeṣẹ́ yìí ni. O ní ìlànà wọn pọ̀, pé ó sú ọ, pé kí ló kàn wọ́n nípa irú lẹ́tà. Mo rántí agbọ̀n ẹja Ìyálọ́jà. Ṣàkírátù, bí ìlànà kan bá ń bí ọ nínú, wá ẹja jíjẹrà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹnìkan ti jẹ nǹkan, ó ti kú, kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí o bá sì wá a tí o kò rí i, ìlànà burúkú ni, o lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lójú. Wọ́n ní ibẹ̀ gba ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n wá a ná.

Ọ̀rọ̀ adájọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Níbí, ìwé òfin ni adájọ́ ń ṣí, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, bí àwọn Faransé ṣe fi kọ́ wa. Lọ́dọ̀ yín, o ní ohun tí adájọ́ kan bá sọ lánàá lórí ẹjọ́ ẹlòmíràn, ó lè di òfin tí wọn yóò fi dá tìrẹ lónìí. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo bá ọ jiyàn. Lẹ́yìn tí o gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rántí pé iṣu ni wọ́n fi dá ẹjọ́ ẹyìn mi. Màá dé ibẹ̀.

Àdéhùn náà wà, èyí tí ènìyàn méjì bá fọwọ́ sí láàárín ara wọn. O ní kóòtù yóò mú un lò bí òfin láàárín ẹ̀yin méjèèjì, bí kò bá ṣáà ti ta ko òfin ìlú. Kí ló wà láàárín ìwọ àti Mùsíbáù? Mo bi ọ́, o ní, "Bàbá, ọmọ ilé ni." Mi ò bú Mùsíbáù. Ó gbà ọ́ sílé nígbà tí òtútù fẹ́ pa ọ́, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ló wà lára ọ̀rá àádùn? Tìrẹ. Orúkọ ta ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè? Tìrẹ. Ẹni tó ní kí ẹ kọjá odò, kò sí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Lẹ́yìn ẹjọ́ yìí, ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń ṣe kí ni, ta ló ń ru kí ni bí ọ̀ràn bá dé. Kí ẹ sì dá ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ tirẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ yín, kí gbèsè òwò má baà wọ yàrá wá gbé ẹní ìsùn rẹ. Bí Mùsíbáù bá bínú sí ìyẹn, yóò jẹ́ kí o mọ irú ọmọ ilé tó jẹ́. Mo rò pé kò ní bínú. Ọmọ dáadáa ni, ìkánjú ló ń bá a jà.

Ní báyìí, jẹ́ kí n padà sí ìtìjú mi, nítorí mi ò tíì sọ èyí tó burú níbẹ̀.

Ìyálọ́jà ní kí n wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí àwọn àgbà ọjà gbọ́ tẹnu mi. Mo ní mi ò ní wá. Mo ní Daagbé kì í ṣe ìlú mi, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Akíìmù ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ, mo ní kó yáa fẹ́ ìyàwó lọ́dọ̀ wọn, kó jókòó síbẹ̀. Mo jókòó sílé, mò ń ṣe ọkùnrin.

Wọ́n jókòó láìsí mi. Wọ́n dá mi lẹ́bi, àwọn kan tilẹ̀ ní bóyá ńṣe ni mo jí ẹyìn náà. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ rà, mi ò gbọdọ̀ tà nínú ọjà wọn mọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́. Ọjà pọ̀, àbí? Mo gbé gààrí lọ sí ọjà ní ìhà Ko-Koumolou. Wọ́n ní, "Ìwọ ni wọ́n pè tí kò jẹ́? Lọ parí ẹ̀ ná." Mo lọ sí Banigbé. Baba Wàídì fúnra rẹ̀, tó ta ẹyìn fún mi, ní, "Bí mo bá tà fún ọ, kí ni màá sọ bí ọjọ́ tèmi bá dé ọ̀dọ̀ wọn?" Ìyá rẹ gbé oyún, èmi sì ń gbé gààrí káàkiri bí ẹni ń kiri àìsàn. Nígbà tó sú mi, mo ránṣẹ́ sí Ìyálọ́jà pé mo ti ṣetán láti wá, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Ṣé o rí ohun tí Mùsíbáù kò rí? Kò sí ìpínlẹ̀ kẹta, ọmọ mi. Ìwọ lo sọ fún mi pé Òfin Ìpìlẹ̀ wọn ní kí ìpínlẹ̀ kan máa bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ kóòtù ìpínlẹ̀ kejì. O sọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́, o sì kọjá lọ. Padà síbẹ̀, kí o tún un kà. Ìdájọ́ tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn rẹ yóò máa tẹ̀ lé ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe tẹ̀ lé mi lọ sí Banigbé. Yí orúkọ òwò padà bí o bá fẹ́. Ojú rẹ ńkọ́? Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Èyí tí o bá sá fún, orúkọ tó máa sọ ọ́ burú jù.

Bí o bá lọ, má purọ́ fún wọn. Má sọ pé o kò kọjá odò. Sọ pé: mo kọjá, mo rò pé ìwé mi dé ibẹ̀, ẹ fi ọ̀nà tó tọ́ hàn mí. Abéèrè kì í ṣìnà. Bá obìnrin amòfin yẹn sọ̀rọ̀ kí o tó lọ, kó bá ọ wá bí wọ́n ṣe dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ti ṣe é ṣáájú rẹ. Wọ aṣọ tó mọ́. Jẹun kí o tó jáde, nítorí ebi ń mú ọ fèsì bíi tèmi. Bí wọ́n bá sì gbà ọ́ láyè láti mú ẹlẹ́rìí wá, mú wọn wá. Mo gbọ́ tí o ní o kò ní ẹnì kankan níbẹ̀. Irọ́ lo pa, ìwọ náà kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n tún ẹjọ́ mi gbọ́. Jẹ́ kí n ka àwọn tó dúró tì mí fún ọ.

Akíìmù ni ẹni àkọ́kọ́. Òun ló gbé mi lọ lórí ọ̀kadà rẹ̀. Láti ilé dé ọjà ló fi ń sọ fún mi pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé orí mi le bí èkùrọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí.

Ẹnì kejì ni olùkọ́ mi àtijọ́ ní Ko-Koumolou, ẹni tó máa ń nà mí jù. Kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kì í jalè. Ó kàn máa ń pariwo ni."

Ẹnì kẹta ni Baba Wàídì. Ó kọ̀ láti tà fún mi, ó sì tún wá jẹ́rìí fún mi. Ó ní lóòótọ́ lòun ta ẹyìn náà fún ọmọkùnrin yìí, pé mo san án pé kí n tó gbé e. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún òfin, ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́ kí wọ́n pa irọ́ mọ́ ẹlòmíràn.

Ìyá mi ni ẹnì kẹrin. O kò mọ̀ ọ́n dáadáa kó tó lọ. Ó kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ dìde." Ó ní, "Dákẹ́. Ìwọ lo lẹ́sẹ̀ tó le, èmi ni mo ní orúnkún."

Ìyá rẹ ni ẹnì karùn-ún. Oyún rẹ ti tóbi, wọ́n ní kó má wá, ó wá. Kò wọlé. Ó dúró síta níbi tí mo ti lè rí i, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ fi ìbínú fèsì ni mo ń rí ojú rẹ̀.

Ẹnì kẹfà jẹ́ bàbá àgbà ọjà kan tí mi ò mọ̀ rí, tí òun náà kò mọ̀ mí. Ó ní kí wọ́n rántí obìnrin oníṣu. Òjò ló dá òun náà dúró, ẹrù rẹ̀ sun ọjà, wọ́n sì dá ìdajì padà fún un nítorí pé àjèjì ni, kò mọ òfin wọn. Ó ní, "Ohun tí a ṣe fún ìyá oníṣu, tí a kò bá ṣe é fún ọmọ ẹlẹ́yìn, àwa fúnra wa la ti ba òfin wa jẹ́." Báyìí ni wọ́n fi bu ìdajì epo fún mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbà mí padà sínú ọjà ṣì wà nílẹ̀. Àwọn kan ní rárá, pé ẹni tó kọ ìpè lẹ́ẹ̀kan yóò tún kọ̀ ọ́. Gbogbo wọn yíjú sí ẹni tí mo ti bú jù níbẹ̀. Òun ni ẹnì keje. Ìyálọ́jà wò mí pẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹnu ọmọkùnrin yìí kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó wá. Ẹni tó bá ti wá, ẹ fún un ní àpótí kó jókòó." Wọ́n gbé àpótí wá, mo jókòó, ọjà sì gbà mí padà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.